Àpótí Tí Bàbá Rẹ Tẹ̀ka Sí

Ìsẹ́yìn,
Ọjọ́ Ajé.

Mardiyah ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara ń le? Ṣé omi òjò ò wọlé tọ̀ yín mọ́ ní Òkè-Afà? Ọlọ́run Ọba ò ní jẹ́ kí o ríjà ọ̀nà, àwọn tírélà tó ń já ẹrù níwájú ilé iṣẹ́ yín ò ní fi ẹ̀yìn gbá ọ, iṣẹ́ ò ní pa ọ́, ìṣẹ́ náà ò ní pa ọ́. Àmín.

Alameen tó máa ń kó òfì wá sí Aswani lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni mo fi ìwé yìí rán. Má bínú pé mi ò pè ọ́. Fóònù tí o rà fún wa yẹn ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́, igbe ló máa ń ké, bàbá rẹ á sì gbọ́ gbogbo ohun tí o bá sọ. Wọn ò gbọdọ̀ gbọ́ ti òní.

Ewúrẹ́ dúdú bí ìbejì, ọ̀kan kú. Adìẹ ló ń sùn nínú ilé kéwú bàbá rẹ báyìí, nítorí àwọn òbí ti kó ọmọ wọn lọ sọ́dọ̀ àfáà mìíràn.

Iṣẹ́ rẹ ní Ìsọlọ̀, mo ti ṣàlàyé rẹ̀ fún gbogbo àdúgbò. Mo ní ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tó ń to ọ̀rọ̀ sójú ìwé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló gbọ́, ìwọ ni ọ̀gá yín sì ní kí o kọ́ ọ ní Yorùbá àti Lárúbáwá. Bàbá rẹ ní kí o ṣe sùúrù fún un, wọ́n ní nínú ogójì ọdún tí àwọn fi kọ́ ọmọ ní kéwú, àwọn ò rí èyí tó gbọ́ ohun méjì lẹ́ẹ̀kan náà tí kò sunkún. Nígbà tí o sọ pé ó máa ń dàrú bí Lárúbáwá tó ti ọ̀tún bọ̀ bá pàdé Yorùbá tó ti òsì bọ̀ lórí ìlà kan, wọ́n ní ọ̀nà tóóró ni, kí àbúrò yà fún ẹ̀gbọ́n. Mo bi wọ́n pé èwo ni ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní kí n lọ bá àwọn bu omi àlùwàlá wá. Má ṣáà nà án o. Ẹ̀rọ tí wọ́n bá nà kì í gbọ́ràn mọ́, mo rí i lára rédíò wa.

O mọ̀ pé ohun kan ṣoṣo tí bàbá rẹ ṣì fẹ́ fi ojú rí láyé ni ìwé tí wọ́n fọwọ́ kọ yẹn, èyí tí orúkọ gbogbo òkú ilé wa wà nínú rẹ̀ ní Yorùbá, tí àdúà oníkálukú sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní Lárúbáwá. Wọ́n fẹ́ rí i ní títẹ̀. Ojú ewé àkọ́kọ́ tí o fi ránṣẹ́ ṣáájú ààwẹ̀, àpótí kéékèèké ló kún inú orúkọ àwọn òkú náà. Babáṣọlá, bàbá bàbá rẹ, ní méjì. Bàbá rẹ ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní báńkì náà nìyẹn, pé ìwé tí àpótí bá wà lójú rẹ̀, ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ tẹ̀ka sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn ò ní gbà á wọlé. Òkú ò sì lè tẹ̀ka fúnra rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ni àrólé, àwọn ló kù tí yóò tẹ̀ ẹ́.

A lọ yá páàdì yíǹkì Ọlátúbọ̀sún, akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Láti ìrun Àìlà ọ̀sán títí oòrùn fi rọ̀ ni bàbá rẹ ń tẹ̀ka. Bí wọ́n bá ti tẹ ọ̀kan, wọ́n á pe orúkọ olúwarẹ̀, wọ́n á ṣàdúà fún un. Ti Fawziyyah àbúrò rẹ ni kò ní àpótí kankan. Gègé ni wọ́n fi fa ọ̀kan sí i, wọ́n sì tẹ̀ka sí i.

Ìgbà tí ìwé náà padà dé ọ̀dọ̀ rẹ lo pè, tí o ní kì í ṣe fọ́ọ̀mù, pé lẹ́tà wa tí ẹ̀rọ ò bá tíì mọ̀ ló máa ń fi àpótí òfìfo dípò. Bàbá rẹ wà ní mọ́sálásí lọ́jọ́ náà. Mi ò sọ fún wọn títí dòní.

Ọ̀rọ̀ tí mo torí rẹ̀ kọ ìwé rèé. Ojú bàbá rẹ ti lọ. Kì í ṣe bàìbàì tí o mọ̀ yẹn mọ́, ó ti lọ pátápátá, ó di ọ̀sẹ̀ kẹta tí wọn ò mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru. Dókítà ní kò ní padà. Bàbá rẹ ní mi ò gbọdọ̀ sọ fún ọ, kí o má baà máa kánjú lé ẹ̀rọ náà lórí kó má lọ gbọ́ ìdajì. Ó ń dùn mí, Mardiyah. Ìdí ààrò ni mo ti máa ń sunkún, kí wọ́n lè rò pé èéfín ni.

Ojú ewé tuntun dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Èmi tí mi ò mọ̀wé púpọ̀ rí i pé ó pé. Babáṣọlá jókòó pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, Lárúbáwá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹnìkan ò gbá ẹnìkejì, kò sì sí àpótí kankan. O ṣeun ọmọ mi, ọwọ́ rẹ ò ní rọ. Bàbá rẹ gbà á, wọ́n gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n ní ó dára gan-an. Wọ́n dorí rẹ̀ kodò, mi ò lè sọ fún wọn. Wọ́n wá ń fi àtàǹpàkò wá ojú ìwé kiri, wọ́n bi mí pé níbo làwọn àpótí wà. Mo ní ẹ̀rọ ti gba gbogbo wọn wọlé, pé ìka tí wọ́n tẹ̀ ló ṣe é. Wọ́n dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bèèrè pé àpótí tàwọn fúnra wọn ńkọ́?

Wọ́n ní kí n bá àwọn rán ọ sí ẹ̀rọ náà. Kó fi àpótí kan ṣoṣo sílẹ̀ nísàlẹ̀ orúkọ Fawziyyah, kó má kọ nǹkan kan sí i. Bó bá tó àkókò, ìwọ ni kí o tẹ̀ka sí i fún àwọn.

Má fi owó oògùn ojú ránṣẹ́ mọ́. Owó kẹrosíìnì ni kí o fún Alameen, kí o sì ra páàdì yíǹkì méjì kún un, nítorí ti Ọlátúbọ̀sún ti gbẹ, kò sì yéé bèèrè rẹ̀. Ìkejì, bàbá rẹ ní ká fi pamọ́ dè ọ́.

Ọlọ́run yóò bá wa ṣọ́ ọ. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí páàdì náà gbẹ mọ́nú ilé kí a tó lò ó. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ìsíátù.