Àǹtí Kúnlẹ̀ sí Òsì Ìyá

Ìfọ̀nyìn, Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Àǹtí Sikírá ti bínú lọ. Láti Igolo ni wọ́n ti wá wo Ìyá mi, ẹ̀gbọ́n wọn, fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti kọlu Ìyá. Òsì Ìyá ni Àǹtí kúnlẹ̀ sí. Ìyá gbọ́ ohùn, wọ́n kọjú sí ògiri lápá ọ̀tún.

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi kúnlẹ̀, ẹ ń wo ògiri?"

Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sí ọ̀tún wọn."

"Kí n máa yí wọn po bí ewúrẹ́ tó ń wá èèpo ẹ̀gẹ́, kí wọ́n tó jẹ́ mi?"

Dókítà ti ṣàlàyé ẹ̀ fún mi. Lobe pariétal, apá ọpọlọ tó wà lábẹ́ àtàrí, kó tó kan ìpàkọ́. Òun ló ń jẹ́ ká mọ ohun tó kan ara wa, àti ibi tí nǹkan wà láyìíká wa. Ti apá ọ̀tún ló bà jẹ́ lára Ìyá, ìdí nìyẹn tí òsì fi parẹ́ fún wọn. Ojú wọn ò ṣe nǹkan kan.

Ní Faransé, ó yé mi yékéyéké. Níwájú Àǹtí, "Wọn ò mọ̀ pé òsì wà" nìkan ni mo rí sọ.

"Ṣé orí wọn ti dàrú ni?"

Àǹtí gun alùpùpù lọ.

Mo yí àwo Ìyá kí ìdajì ẹ̀bà tó kù lósì lè bọ́ sí ọ̀tún wọn. Wọ́n ní, "Mo gbọ́ ohùn Sikírá. Kí ló dé tí kò wọlé wá kí mi?"

Mo di ọwọ́ òsì wọn mú. Wọn ò mọ̀.