Ọkùnrin Tó Wá Gba Orin Mi

Ọjọ́bọ̀, Láfẹ́nwá

Ọkùnrin kan láti ilé-iṣẹ́ orin ńlá kan l'Ékòó wá sílé lónìí. Ó ní kí n fọwọ́ síwèé, kí gbogbo orin tí mo fúnra mi gbé jáde di tiwọn, títí kan èyí tí mo kọ nígbà tí a sin ìyá mi.

Mo ní rárá.

Ó rẹ́rìn-ín. “Mọ̀mí, rédíò wo ló máa wá gbé orin yín sáfẹ́fẹ́?”

Nírọ̀lẹ́, ètò rédíò tó máa ń lo orin mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ò lò ó. Ọkọ mi pa rédíò. “Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.”

Tèmi làwọn orin náà o. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin náà bá tún padà wá, n ò mọ̀ bóyá ẹnu mi á lè kọ̀ lẹ́ẹ̀kejì.