Tábìlì Tí Kò Gba Ẹnu Ọ̀nà Jáde

Ọdún mẹ́rin ti gorí ilẹ̀ tí a fi bò ọ́, àbúrò mi. Ọdún mẹ́rin! Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin tí mo ṣáájú rẹ dé ayé, tí mo ti pẹ́ lájò débi pé irun dúdú tí mo gbé jáde nílé ti funfun bí òwú, èmi ni wọ́n ní kí n bá ọ sọ̀rọ̀ lọ́dún yìí, torí èmi ni mo mọ̀ ọ́ pẹ́ jù. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò dùn. Ṣùgbọ́n ìwọ náà kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, nítorí náà fara balẹ̀ gbọ́.

Mo rántí ìgbà tí o fi ọ̀bẹ ìdáná gbẹ́ ẹsẹ̀ àpótí ìyá wa títí àpótí fi yẹ̀ mọ́ wọn nídìí. Ẹsẹ̀ àpótí yẹn gan-an ni wọ́n fi nà ọ́. O ń sunkún, o sì ń yọjú wo ẹsẹ̀ àpótí lọ́wọ́ wọn bóyá ó tọ́.

O dàgbà, o di ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ ọ́ mọ́ tíkẹ́ẹ̀tì? Káfíńtà Sátidé ni gbogbo àdúgbò ń pè ọ́. Bí Sátidé bá ti mọ́, o ti wọ ilé páànù ẹ̀yìnkùlé, o ti tìlẹ̀kùn mọ́rí. Ìyàwó wa a gbé oúnjẹ sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni ń bọ́ ẹlẹ́wọ̀n. O fẹ́ràn igi! O ń fọwọ́ pa pákó lára bí ẹni ń rẹ ọmọ tuntun. Ọmọ tuntun gidi wà nínú ilé, o ò rẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìyàwó wa ló sọ èyí fún mi: ọmọ rẹ ọkùnrin wá bá ọ níjọ́ kan, ó ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ n fa ayùn yẹn wò.” Rúlà lo fi dá a lóhùn, léegun ìka. O ní ọwọ́ ẹ̀ le, yóò ba igi jẹ́. Ọmọ náà ò sunkún. Ó padà sínú ilé, kò sì dé ẹnu ọ̀nà ilé páànù yẹn mọ́ títí a fi gbé ọ lọ.

Ìgbà tó yá ni tábìlì dé. Òjò ń wọ ilé páànù, o kó gedú wá sí pálọ̀, o kàn án níbẹ̀: tábìlì ènìyàn méjìlá fún ilé ènìyàn mẹ́rin! Kò sí ìṣó kan lára rẹ̀. Igi wọnú igi bí ìka ọwọ́ méjì tó kọ́ra, gọ́ọ̀mù sì mú un pinpin. O ṣe é tán, o ń nu òógùn, ìgbà yẹn ni ìyàwó wa bi ọ́ pé ẹnu ọ̀nà wo ló máa gbà jáde. Àdúgbò rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi dikùn mú. “Ẹ wá wo ọlọ́gbọ́n tó kan ọkọ̀ ojú omi sínú yàrá!” O ò tilẹ̀ bá wọn rẹ́rìn-ín. “Ta ló sọ fún yín pé ó ń lọ síbì kan?”

Àbúrò mi, ilé ayálégbé ni!

Ṣé kí n kọ́kọ́ sọ ti rere? Ọmọ rẹ obìnrin ti di nọ́ọ̀sì, ó ti bí ọkùnrin kan tó jogún etí rẹ ńlá méjèèjì, Ọlọ́run ṣàánú ọmọ náà. Ọmọ rẹ ọkùnrin, tó ń tún fóònù ṣe, ti kọ́lé! Ilé tirẹ̀! Inú rẹ ì bá dùn, àfi pé kò sí igi kankan níbẹ̀: ilẹ̀kùn irin, fèrèsé alumíníọ̀mù, àga rọ́bà. Mo bi í léèrè. Ó ní, “Ìyá àgbà, mi ò fẹ́ gbóòórùn igi nílé mi.”

Ọdún yìí ni wọ́n ta ilé ayálégbé yẹn. Ẹni tó rà á fẹ́ máa kẹ́rù sí i, ó ní kí ìyàwó wa kó jáde. Obìnrin náà gbà láti lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ ọkùnrin, ṣùgbọ́n ó ní òun ò ní lọ láìsí tábìlì náà, lódindi. Ohun kan ṣoṣo tó bẹ̀bẹ̀ fún nìyẹn. Àwọn ọmọ rẹ ránṣẹ́ sí káfíńtà gidi tó wà ní ìkóríta pé kó wá bá wọn tú u. Ṣé o rántí pé Akànṣó lo máa ń pè é lójú àwọn oníbàárà ẹ̀, pé kò mọ̀ ju kó kan ìṣó lọ? Ó fèsì pé, “Ẹ lọ jí Káfíńtà Sátidé, kó wá tú u fúnra ẹ̀.”

Ó wá ku ayùn. Ayùn tìrẹ! Ìyàwó wa gun orí tábìlì, ó jókòó. Ọmọ rẹ obìnrin gbé fóònù sókè kí èmi náà lè máa wò ó, bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Òun náà ló ní, “Màmá, ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ má sọ wá di ẹlẹ́yà.” Ìyàwó wa ní, “Ọdún méjì gbáko ni bàbá yín fi kàn án. Ẹ kúkú gé èmi náà mọ́ ọn.” Ọmọ rẹ ọkùnrin gbé ayùn lé ẹ̀gbẹ́ ibi tí ìyá rẹ̀ jókòó sí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á, ìyá sì ń gbọ̀n lórí tábìlì. Nígbà tó ṣe, ó sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀.

N ò ní purọ́ fún ọ: ó gé e bí eku ṣe ń jẹ àgbàdo. Ayùn ń yà sọ́tùn-ún, ó ń yà sósì. Àwọn àgbà ní ọmọ tí a ò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ìwọ ò kọ́lé, tábìlì lo ní. Èmi ará ìdálẹ̀ ń pariwo nínú fóònù pé kó fi apá mọ́ ìhà, kó má fipá fà á. Kò sẹ́ni tó gbọ́ mi.

Àwọn alágbàṣe ẹni tó ralé ti fi ìdajì kan dáná. Ìdajì kejì wà nílé ọmọ rẹ, ẹlẹ́sẹ̀ méjì, irin ló fi dè é mọ́ ògiri. Ìdí rẹ̀ ni ìyàwó wa ti ń jẹun. Ojú ibi tí ayùn gbà rí jàgajàga, ó ń gún un lọ́wọ́. Ọmọ fẹ́ fi sáńpépà ha á, ìyá ní kó má dán an wò. “Igi ni bàbá yín ń fọwọ́ pa nígbà ayé wọn. Ẹ jẹ́ kí igi náà fọwọ́ kan èmi.”

Àárò rẹ ń sọ wá, Káfíńtà Sátidé. Àárò rẹ ń sọ wá! A fẹ́ràn rẹ, tòun ti gbogbo ohun tí o ṣe fún wa àti gbogbo ohun tí o ò ṣe: ìyàwó rẹ, ọmọ rẹ obìnrin, ọmọ-ọmọ rẹ elétí ńlá, àti èmi ẹ̀gbọ́n rẹ. Ọmọ rẹ ọkùnrin ní kí n má tíì ka òun mọ́ wa lọ́dún yìí.