Kòkòrò Inú Ẹ̀wà Funfun

Ọjọ́ Ẹtì, oṣù kẹsàn-án, 1999

Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ ìwádìí mi wá wo àwọn ìgò tí mo ti ń fi ẹ̀wà sin kòkòrò lónìí. Mo ní ẹ̀wà funfun ni kò jẹ́ kí àwọn kòkòrò inú rẹ̀ dàgbà tó ti inú ẹ̀wà olóyin.

Ọ̀gá ní, "Kòkòrò mélòó lo kó sínú ìgò kọ̀ọ̀kan?"

Ogún ní ti funfun, márùn-ún péré ní ti olóyin. Ó lè jẹ́ pé wọ́n kàn pọ̀ jù, oúnjẹ ò kárí. Ó ṣe mí bíi kí n purọ́, àmọ́ mo sọ òótọ́. Wọ́n ní kí n tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀.

Mi ò ní gboyè lọ́dún yìí nìyẹn, lẹ́yìn gbogbo ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì láyé ṣọ́jà tó ti dá mi dúró.

Nígbà tí mo délé ládùúgbò Pedro, mo sọ fún Màmá pé màá tún un ṣe. Wọ́n ní, "Irú ẹ̀wà wo ni kí n bá ẹ rà?"