Bí Adégòkè Ṣe Gbé Ìyá Jáde Ní Abà

                                        Ojúlé Kẹsàn-án,
                                        Òkè Padre,
                                        Ìbàdàn.
                                        Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Bélú, 1988.

Yéwándé, ọmọ ìyá mi,

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ kí ọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ lẹ́nu mi jù: mo ti lọ́kọ! Adégòkè ni. Adégòkè kan náà tí Ìyá ní kò gbọdọ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà wa mọ́. Láti oṣù Ọ̀wàrà ni wọ́n ti so wá pọ̀, mo sì kọ lẹ́tà kan sí ọ lẹ́yìn rẹ̀ tí n kò fẹnu bà á rárá. Dákun, má bínú sí mi. Ìyá ló ní kí n pa á mọ́, wàá sì gbọ́ ìdí rẹ̀.

Ó yá, jẹ́ kí n wá kí ọ bó ṣe yẹ. Báwo ni Bùọ̀dá Olúgbénga, ọkọ rẹ? Ṣé ikọ́ tó ń ṣe Hilda ọmọ yín ti lọ? Màmá wa, àbúrò Ìyá, ńkọ́, ṣé otútù Kàdúná kò dà wọ́n láàmú? Ẹ kú ìmúra ọ̀yẹ́ o. Ara èmi le, ara Ìyá náà sì ń le sí i. Ọlọ́run ló ṣe é.

Mo kọ̀wé sí ọ nígbà yẹn pé Ìyá ṣubú ní oko, ọwọ́ òsì rẹ̀ sì kán. Ohun tí n kò kọ ni bó ṣe kù díẹ̀ kó bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, àti ẹni tó gbé e jáde.

O mọ abà wa ní ọ̀nà Àkànràn. Òjò oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ ti gbé afárá igi lọ, ọkọ̀ kankan kò lè wọlé. Ìyá yọ̀ níbi tó ti ń pọnmi ni ọwọ́ bá kán. Bàbá Yésúfù, tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà, fi igi di ọwọ́ náà, a sì ní kí òjò dá kí a tó gbé e lọ sílé. Òjò kò dá. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ibà ti dé, ọwọ́ ti wú bí iṣu, àwọn ìka rẹ̀ sì ti ń dúdú. Mo di ìka náà mú, Yéwándé, ó tutù nini. Mo mọ̀ pé bí a kò bá tètè dé ọsibítù, bí ọwọ́ kò bá lọ, ẹ̀mí á lọ.

Iléeṣẹ́ tó ń pín irúgbìn kòkó fún àwọn àgbẹ̀ agbègbè náà ni Adégòkè ń bá ṣiṣẹ́. Wọ́n fún un ní alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan tí taya rẹ̀ sanra bí ti kátakáta, tó ń la ẹrẹ̀ kọjá bí ẹni ń ṣeré. Alákàn ni àwọn ará abà ń pè é, nítorí bó ṣe ya ẹsẹ̀ sílẹ̀. Bàbá Yésúfù ló ránṣẹ́ pè é láì bi ẹnikẹ́ni. Mo mọ̀, n kò sì dá a dúró.

Nígbà tí Ìyá gbọ́ ìró Alákàn lókèèrè, ńṣe ló kọjú sí ògiri. Ìwọ náà wà nílé wa lọ́jọ́ tí wọ́n gbé òkú Àǹtí Eunice, ẹ̀gbọ́n mi, wálé láti ọ̀nà Ọjà'ba. O rántí pé ẹ̀gbẹ́ ló jókòó sí lẹ́yìn alùpùpù, bí gbogbo obìnrin tó ró aṣọ ti ń jókòó, tí ìborùn rẹ̀ fi kó sínú ẹsẹ̀ alùpùpù náà. Láti ìgbà náà ni Ìyá ti ní kí ẹnikẹ́ni má pe òun ní Ìyá Eunice mọ́. Ìyá Louisa ni gbogbo àdúgbò wá ń pè é. Ìdí tó fi kọ Adégòkè náà nìyẹn, nígbà tó gun alùpùpù wá kí wa lọ́dún tó kọjá. Kò bá a jà. Ó kàn ní, “Ọmọ mi, n kò ní ọmọ tí màá tún fi sẹ́yìn máṣìn mọ́.”

Adégòkè wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ tòun ti ẹrẹ̀.

Ìyá ní, “Ṣé o wá wò mí bí mo ṣe dà ni?”

“Rárá, mà. Mo wá gbé yín ni.”

Ó mú ọ̀pá, ó fẹsẹ̀ rìn dé etí odò, ó wọn omi náà wò, ó sì padà wá. Ó sọ gbogbo ẹrù irúgbìn kalẹ̀, ó tẹ taya wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn obìnrin abà ní kó fi ọ̀já so Ìyá mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní rárá: bí Alákàn bá dojú dé, kí Ìyá lè já bọ́ kúrò lábẹ́ rẹ̀. Bàbá Yésúfù ní kí èmi náà gun ẹ̀yìn kí n máa di Ìyá mú, ó tún ní rárá. “Èmi àti Ìyá nìkan. Ẹni kẹta ló máa gbé gbogbo wa ṣubú.”

Ìyá fara mọ́ ọn, nítorí ìrora ti pọ̀. Ṣùgbọ́n ó ní kí n bá òun ró ìró òun dáadáa, kí n fi ìborùn lé òun léjìká, ẹ̀gbẹ́ ni òun máa jókòó sí.

Adégòkè ní, “Ìyá, ẹ dákun, ẹ máa ya ẹsẹ̀ ni. Ẹ máa wọ ṣòkòtò.”

“Ṣòkòtò kẹ̀? Èmi tí mò ń wọ sùtánà funfun lọ síwájú Ọlọ́run? Ṣé o kò mọ̀ pé Bíbélì ní kí obìnrin má wọ aṣọ ọkùnrin ni?”

“Mo mọ̀, mà.”

“Ẹ̀gbẹ́ ni màá jókòó sí.”

“A jẹ́ pé n kò ní gbé yín nìyẹn, mà.”

Bàbá Yésúfù pariwo mọ́ ọn: “Ìwọ ọmọ yìí, àna rẹ lò ń bá sọ̀rọ̀ o! Ṣé o fẹ́ ìyàwó yìí tàbí o kò fẹ́?”

Adégòkè kúnlẹ̀, omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. Ó ní, “Kí wọ́n kọ̀ mí títí ayé, màá fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n n kò ní gbé wọn ní ìjókòó ẹ̀gbẹ́, tìborùn tìborùn. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká wá pákó, ká gbé wọn lé èjìká, bó tilẹ̀ máa pẹ́.”

Ìyá wò ó títí. Ó wá sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, “Ká ní ẹni tó gbé Eunice ti sọ fún un báyìí.”

Yéwándé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí orúkọ náà jáde lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti sin Àǹtí. Ó wá kọjú sí Bàbá Yésúfù: “Yésúfù, mú ṣòkòtò rẹ wá.”

A wọ ọ́ fún un. Adégòkè fi okùn so ẹnu ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kó má baà fẹ́ lẹ́lẹ́. Ó tú gèlè Ìyá, ó gbé akoto tirẹ̀ dé e lórí. Ìborùn náà ló fi gbé ọwọ́ tó kán kọ́ àyà, ó sì ki etí rẹ̀ bọ inú bùbá.

Bàbá Yésúfù ní, “Ìyá Louisa, ẹ̀yin gan-an ni baálé abà báyìí!”

“Gbẹ́nu dákẹ́ jàre. Bí àwọn ìjọ mi bá gbọ́, n kò ní bá ọ jẹ iléyá mọ́.”

Adégòkè kọ́ ọ bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní ìrìn: kó fi ọwọ́ ọ̀tún di bẹ́líìtì òun mú, bí òun bá tẹ̀ síbì kan, kó bá òun tẹ̀, bí wọ́n bá ń gòkè, kó sún mọ́ òun, bí wọ́n bá ń sọ̀kalẹ̀, kó fà sẹ́yìn díẹ̀, bí ẹ̀rù bá bà á, kó gbá òun lẹ́yìn, òun á dúró. Wọ́n lọ. Ìrìn wọn lọ́ra débi pé ẹsẹ̀ ni mo fi ń tẹ̀ lé wọn, wọn kò sì pòórá mọ́ mi lójú. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ní odò, ó sọ Ìyá kalẹ̀, àwa la dì í mú la ibi tí omi ti fà kọjá, Adégòkè nìkan ló gun Alákàn gba inú rẹ̀. Níwájú díẹ̀, mo rí i tí Ìyá gbá a lẹ́yìn. Ó dúró lójú ẹsẹ̀. Mo sáré dé ibẹ̀, mo bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyá ní, “Kò sí nǹkan kan. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá á dúró ni.”

A rí ọkọ̀ ní títì, a sì dé ọsibítù. Dókítà ní ká ní ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú bá wa lábà ni, wọn ì bá gé ọwọ́ náà. Wọ́n tò ó, wọ́n fi símẹ́ńtì dì í. Ní orí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀ ni Ìyá ti pe Adégòkè, tó ní, “Ẹni tó lè kọ̀ fún mi nítorí ẹ̀mí mi, kì í ṣe òun ni mo yẹ kí n máa bẹ̀rù.”

Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, Wòlíì ìjọ wa so wá pọ̀ nínú pálọ̀ wa, àwa díẹ̀ pẹ̀lú bàbá Adégòkè. Ìyá ní kí wọ́n dárúkọ Eunice nínú àdúrà, wọ́n sì dárúkọ rẹ̀, gbogbo wa sunkún. Ṣùgbọ́n nígbà tó yẹ kí Ìyá gbé ọwọ́ lé wa lórí kó súre, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀. Ó ní ọwọ́ kan kọ́ ni òun fi tọ́ mi, òun kò ní fi ọwọ́ kan fà mí lé ọkọ lọ́wọ́. Kí a dákẹ́ títí èkejì yóò fi san. Ilé Ìyá ni mo ṣì wà. Adégòkè ń wá láti Pópó Yemọja ní ìrọ̀lẹ́ bí àlejò, yóò jókòó sórí àga, èmi náà yóò jókòó sórí àga, ẹ̀rín yóò sì máa pa wá láìnídìí. Yéwándé, inú mi ń dùn débi pé mo máa ń gbàgbé iyọ̀ nínú ọbẹ̀!

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n tú símẹ́ńtì náà. Ọwọ́ òsì tín-ín-rín, ó ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n Ìyá gbé e sókè ju orí rẹ̀ lọ. Ó rán mi lọ ra ìwé ìkọ̀wé lójú ẹsẹ̀.

Bá mi kí Bùọ̀dá Olúgbénga, fi ẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu fún mi. Kúnlẹ̀ kí Màmá wa, kí o sì fara balẹ̀ ka lẹ́tà yìí sí wọn létí. Ìyá ní òun kò ní gbé ọwọ́ lé mi lórí àfi bí àbúrò òun bá jókòó ti òun, kí ẹnikẹ́ni nínú yín má ṣàìwá. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ìsúre náà, ní òwúrọ̀. Ẹ gbọdọ̀ ti dé sílé wa ní Òkè Padre ní ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú rẹ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Ọ̀pẹ, 1988.

                                        Èmi ọmọ ìyá rẹ, tí ayọ̀ kún inú rẹ̀,
                                        Louisa, aya Adégòkè.