Ẹ Gba Ẹ̀gbọ́n Agogo Padà: Ikọ́ Ife Ló Wà Lọ́fun Mi, Kì í Ṣe Májèlé

Yàrá kẹrin, ilé alájà méjì,
Ẹ̀yìn ibùdókọ̀.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹfà.

Alága Ìgbìmọ̀ Ibùdókọ̀,
Ọ́fíìsì òkè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń já tíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀SÙN TÍ MO FI KAN Ẹ̀GBỌ́N AGOGO LÓṢÙ KEJÌ: IRỌ́ NI

Èmi ni Ohùn-Ààrá, apèrò tó ń pe èrò sọ́kọ̀ ní ìlà kejì. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò sí apèrò tó tó mi. Tí mo bá pariwo lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó wà nílé ìwẹ̀ á sáré jáde tòun ti ọṣẹ lára. Bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn ọdún tuntun, ohùn mi bẹ̀rẹ̀ sí í ha, bíi ti àkùkọ tí wọ́n fún lọ́rùn. Tí mo bá gbé itọ́ mì, àfi bí ẹni gbé abẹ mì. Ẹ̀gbọ́n Agogo, apèrò ìlà kìíní, ló ń po omi oyin fún mi nínú àgọ́ wa, kí iṣẹ́ má bàa bọ́ lọ́wọ́ mi. Á gbé etí sún mọ́ ẹnu mi kó tó gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Á ní, "Àbúrò, rọra, ohùn kì í ṣe irin."

Ojú ń tì mí láti kọ èyí tó kù. Nígbà tí ohùn lọ pátápátá, àwọn awakọ̀ sọ mí ní Ààrá Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì. Mi ò lè gbà pé èmi ni ara mi ò yá. Mo bá kọ̀wé sí yín pé Ẹ̀gbọ́n Agogo fi nǹkan sómi oyin torí ó ń jowú mi. Ẹ bi mí bóyá mo rí i. Mo ní ojú mi méjèèjì ló ṣe. Mi ò rí nǹkan kan. Ẹ lé e lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá. Bárò ló ń tì báyìí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ìyá mi wọ́ mi lọ sọ́sìbítù. Dókítà fi dígí kékeré wo ọ̀fun mi, wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi wò. Ikọ́ ife ni, ó ti wọ gògóńgò. Dókítà ní irú èyí máa ń tètè ran ẹlòmíì tí èèyàn bá ń wúkọ́, tó ń sọ̀rọ̀, tó ń pariwo. Ariwo sì niṣẹ́ mi. Mo ti ń lo oògùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba Ẹ̀gbọ́n Agogo padà. Ẹ ka ìwé yìí sétí gbogbo apèrò, kí wọ́n mọ̀ pé èmi ni òpùrọ́. Kí gbogbo ẹni tó ń jókòó nínú àgọ́ yẹn sì lọ ṣàyẹ̀wò.

Lánàá, mo lọ tọrọ àforíjì nílé rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ mi, ẹjọ́ rẹ̀ kọ́. Ìta ni mo dúró sí tí mò ń gbọ́ ikọ́ Ẹ̀gbọ́n nínú yàrá. Aládùúgbò wọn ní ó ti lé lóṣù kan. Mo fẹ́ kígbe pé kó lọ sọ́sìbítù, ohùn ò jáde. Ká tiẹ̀ ní ó jáde, ta ló máa gba tèmi gbọ́ nínú ilé yẹn? Ẹ̀yin ló máa dá lóhùn. Ẹ má dúró de ìpàdé ọjọ́ Ajé. Ẹ rán ẹnì kan lọ mú un lónìí. Ọ̀fẹ́ ni oògùn náà.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á dópin.

Èmi ni tiyín, pẹ̀lú ìtìjú,
Ohùn-Ààrá,
Apèrò ìlà kejì tẹ́lẹ̀.