Ìrìn Àbúrò Ọkọ Mi Ni Mo Fi Kọ Orin Tí Gbogbo Ọ̀tà Ń Jó

Èmi ni mo kọ orin "Pẹ́pẹ́yẹ" yẹn. Please, admin, ẹ fi orúkọ mi pamọ́... tíṣà ni mí, mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, ojú sì ń tì mí gan-an.

Ẹ mọ̀ pé ìyàwó kì í pe àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ, òun ló máa sọ wọ́n ní orúkọ tiẹ̀. Àbúrò ọkọ mi obìnrin, Ìbàdíàrán ni mò ń pè é lójú. Lẹ́yìn rẹ̀ ńkọ́? Pẹ́pẹ́yẹ... nítorí ìrìn rẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ ni mo pè é o, ẹnu mi kì í sinmi. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ike wá dá ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì sílẹ̀, ọkùnrin gìrìpá tó lé tìróò, tó kun ètè, tó wọ bàtà gogoro àti aṣọ tó ń dán yinrin. Kò sẹ́ni tó ń gbọ́ orin wọn. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n bá wọn kọ ọ̀kan... "Pẹ́pẹ́yẹ, rọra, ilẹ̀ ń mì." Mo tún fi ìrìn rẹ̀ kọ́ wọn níjó! Orin yẹn blow, láti Ìyànà Ìyẹsí dé Alápòótí. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń jó o, èmi náà ń rẹ́rìn-ín.

Àfi lọ́sẹ̀ tó kọjá tí Ìbàdíàrán wọlé tọ̀ mí wá, tó ń sunkún. Àwọn ọlọ́kadà ní Ṣàngó-Ọ̀tà rí i bó ṣe ń rìn, wọ́n kọrin náà tẹ̀ lé e, ẹnì kan sì ń fi fóònù ya fídíò rẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó mi, ta ni mo ṣẹ̀?"

Ẹ gbọ́... ìbàdí rẹ̀ yẹn, àbíkẹ́yìn mi ló pọ̀n tó fi ṣubú lórí àtẹ̀gùn, tí kò jẹ́ kí ọmọ fara kanlẹ̀, tí ìbàdí tirẹ̀ sì yẹ̀ títí dòní. Mo mọ̀, mo sì fi kọrin. Kí ni mo wá ṣe? Mo bu omi fún un, mo bá a bú ẹni tó kọ orin. Ó gbàdúrà pé kí Ọlọ́run tú àṣírí onítọ̀hún, ohùn tèmi ló sì ròkè jù nídìí àmín.

Ní báyìí, rédíò kan ti pe àwọn ọ̀dọ́ náà fún Sátidé, wọ́n ní àwọn máa dárúkọ mi láti dúpẹ́. Mo lè bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má dárúkọ mi... ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí ni Ìbàdíàrán pè pé kí n bá òun ra iṣu bọ̀, òun ò jáde mọ́. Ṣé kí n gbé iṣu náà lọ, kí n kúnlẹ̀, kí n jẹ́wọ́? Ṣé á tún pè mí ní ìyàwó rẹ̀ mọ́? Àbí kí n panu mọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé ọkọ, kí lẹ máa ṣe?